Solara onílẹ̀kùn méjì, àbí CLK? Ìdáhùn fún nọ́ọ̀sì tó ń ti Àkúrẹ́ lọ síṣẹ́ l'Óǹdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ tí mo ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ti ń wù mí. Mo wá rí Toyota Solara 2005 kan, dúdú, V6, tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á ní kò ní àléébù kankan. Mo tún rí Mercedes CLK kan tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má dán an wò, pé ọkọ̀ àwọn ọmọ aláfẹ́ ni, yóò kàn máa jẹ mí lówó ni. Màmá mi tó ti lé ní 70 ọdún ni mo sì máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkọ̀ tó rẹwà, tó tuni lára, tí kò ní sọ mí di onígbèsè ni mò ń wá. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ohun tó ń ba ẹ̀gbọ́n yín lẹ́rù yé mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni ìbẹ̀rù yẹn tọ́ sí. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn oníbàárà mi ni pé: ta ni ọmọ ìyá ọkọ̀ náà? Solara tí ẹ rí yìí, ọmọ ìyá Camry ni, Camry 2002 sí 2006 tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy. Ẹ́ńjìnì V6 (onísìlíńdà mẹ́fà) lítà 3.3 tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú Lexus RX 330 tó kún ìgboro. Mẹkáníìkì tó bá ti tú Camry rí kò ní wo Solara bí àjèjì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kú, bí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì bá yọ, ẹ ó rí i rà ní Àkúrẹ́ níbí láàárọ̀, ẹ ó sì wa ọkọ̀ yín lọ sílé lálẹ́.

Òkè ara rẹ̀ ni wàhálà wà. Ilẹ̀kùn Camry kì í bá Solara mu, bẹ́ẹ̀ náà ni gíláàsì, iná iwájú, iná ẹ̀yìn àti bọ́ńpà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fọ́, ó di ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó nìyẹn, iye tó bá sì wu ẹni tó ní in ni yóò pè é. Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú kéré iná ẹ̀yìn tó ti sán díẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn, ó sì wúwo ju ti ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, ínjì tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ nìkan ló sì ń gbé gbogbo ìwúwo yẹn. Ẹ ṣí i dé ìdajì, ẹ fọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ etí rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bó bá ń mì tó ń ró kọ́kọ́, ínjì ti jẹ. Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá fẹ̀ lápá kan tó há lápá kejì, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti kọ lu nǹkan rí.

Ní ti ẹ́ńjìnì, V6 yẹn ń lo táímìn-bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnì máa yí lójú àkókò. Toyota fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rin 90,000 máìlì, nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Ọkọ̀ 2005 tó ṣì wà lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kó má tíì rìn kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní "a ti pààrọ̀ ẹ̀" tí kò sí rìsíìtì, ẹ kà á sí èyí tí wọn kò tíì pààrọ̀, kí ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọtapọ́ọ̀ǹpù pọ̀ mọ́ ọn, torí bẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló ń yí i. Bí èyí tó ti gbó bá jò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbogbo ohun tí wọ́n tú náà ni wọ́n á tún tú.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi Solara ẹlẹ́ńjìnì lítà 2.4 hàn yín, chéènì ló wà nínú ìyẹn dípò bẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà bẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ó ní àrùn tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnì mọ́ ìdí rẹ̀, pàápàá àwọn tó wà lápá ẹ̀yìn, ojú ihò wọn máa ń jẹ. Oníbàárà mi kan gbé irú rẹ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pààrọ̀ gásíkẹ̀tì rẹ̀ níbòmíràn, ó ṣì ń gbóná, ó ṣì ń mu omi. Nígbà tí mo fi spánà kan bóòtù ẹ̀yìn, ṣe ló kàn ń yí, kò di. Mo fà á jáde, àlùmíníọ́ọ̀mù dídán wínníwínní ti wé mọ́ ọn lára bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Ojú ihò náà ló bá a jáde. Gásíkẹ̀tì mẹ́wàá kò lè wo ìyẹn sàn, àfi kí wọ́n gbẹ́ ihò náà, kí wọ́n fi ojú irin tuntun sí i, kí wọ́n tó dè é padà. Bí ẹ bá ń wo 2.4, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí orí ti pàdé ìdí. Bí ẹ bá rí èépá tó pọ́n rúsúrúsú tó gbẹ mọ́ ọn, ẹ máa bọ̀ nílé.

Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sẹ́ni tí kì í ka lítà mọ́. Àlọ àti àbọ̀ yín sí Oǹdó tó nǹkan bíi kìlómítà 100. V6 á mu bíi lítà 11 sí 12, 2.4 á mu bíi 10. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju lítà 8 lọ lọ́sẹ̀. V6 tí wọ́n tọ́jú dára ju 2.4 tó ti ń mu omi lọ.

CLK dùn ún wà, n kò ní parọ́. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé ẹ́ńjìnì wo ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ CLK 350 ti 2006, M272 ni. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, jíà kan wà lórí ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbọ̀n, tó máa ń jẹ kí àkókò rẹ̀ tó pé, a ó sì gbé odindi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ká tó débẹ̀. CLK 320 tó ṣáájú rẹ̀ kò ní àrùn yẹn. Síbẹ̀, fún ẹni tí aláìsàn ń dúró dè l'Óǹdó, Solara ni mo fọwọ́ sí. Honda Accord onílẹ̀kùn méjì náà dára bó bá jẹ́ 2.4; ẹ yẹra fún V6 oníjíà ọ̀tọ́mátíìkì ti 2003 àti 2004. Honda fúnra rẹ̀ pè wọ́n padà ní 2004 nítorí jíà kejì tó ń gbóná nínú wọn.

Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Rímù 16 tàbí 17 ni Toyota fi sí Solara. Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti gbé 19 sí i, táyà á pẹlẹbẹ bí àkàrà tí a tẹ̀, kòtò kékeré kan á sì dé eegun ẹ̀yìn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá 16 padà. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin ìparí tó tẹ̀lé DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Kó ṣì máa dán kò ní kó má ti darúgbó.

Nọ́ńbà ṣásí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀. Ẹ ka ìkẹwàá. Bó bá jẹ́ 5, 2005 ni lóòótọ́. Bó bá jẹ́ 4, 2004 ni wọ́n fẹ́ tà fún yín lówó 2005. Kí nọ́ńbà yẹn bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Bí gíláàsì rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ gba ìwé àṣẹ tíńtì kí ẹ tó gbé e jáde, torí òfin rẹ̀ ti wà láti 1991, ọlọ́pàá kì í sì í fojú fo irú ọkọ̀ yìí. Bí ẹ bá ní náírà mẹ́wàá, ẹ fi méje ra ọkọ̀, kí ẹ fi mẹ́ta pa mọ́ fún bẹ́ẹ̀tì, táyà àti ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ mú màmá dání lọ. Kí wọ́n jókòó síwájú, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, kí wọ́n sì jáde níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bó ṣe máa ń rí ní Ọjà Ọba. Ilẹ̀kùn gígùn yẹn fẹ́ àyè, ìjókòó náà sì rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní orúnkún àwọn kò gbà á, ẹ gbà wọ́n gbọ́, kí ẹ wá Camry.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé aago méje àárọ̀ lẹ ń bọ̀, kó má tanná sí i kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ nígbà tó bá tutù, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá tutù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀: iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ẹnì kan ti lọ yọ gílóòbù rẹ̀.