Ta Ló Ń Sọ Ìwé Ìtàn Àròsọ Di Mánigbàgbé?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé: nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé ìtàn àròsọ tó ń jáde, díẹ̀ péré ni ayé ń kà sí mánigbàgbé. Ta ló ń fi wọ́n jẹ oyè náà? Ṣé àwọn tó ń rà wọ́n ni, àbí àwọn tó ń pín ẹ̀bùn fún òǹkọ̀wé?

Àwọn méjèèjì kọ́, lójú tèmi. Sully Prudhomme, akéwì ará Faransé, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1901. Tolstoy, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, wà láyé nígbà náà, ó sì lò tó ọdún mẹ́sàn-án sí i kó tó kú, síbẹ̀ wọn ò fún un rí. Ta ló ń ka Prudhomme lónìí? Àwọn tó ń padà sídìí ìwé lẹ́yìn tí ariwo rẹ̀ ti rọlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: olùkọ́, atẹ̀wétà, pàápàá jù lọ àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ẹ wo Moby-Dick, ìtàn ọkọ̀ òkun tó ń dọdẹ ẹja àbùùbùtán, tí Herman Melville ará Amẹ́ríkà kọ. London ló ti kọ́kọ́ jáde, ní oṣù kẹwàá 1851, orúkọ tí wọ́n sì fún un níbẹ̀ ni The Whale. Ojú ewé ìparí, níbi tí a ti gbọ́ pé Ishmael tó ń sọ ìtàn ló yè nígbà tí ọkọ̀ rì, kò sí nínú ẹ̀dà yẹn rárá. Ni àwọn lámèyítọ́ kan bá ń béèrè pé, bí gbogbo èrò ọkọ̀ bá bómi lọ, ta ló wá ń ròyìn? N ò dá wọn lẹ́bi. Èmi náà ì bá béèrè. Ẹ̀dà New York tó jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e pé pérépéré, àmọ́ ọjà rẹ̀ ò yá. Melville lọ gba iṣẹ́ aṣọ́bodè ní New York, ó ṣe é fún nǹkan bí ogún ọdún. Nígbà tó fi kú ní 1891, díẹ̀ làwọn tó ṣì ń rántí pé òǹkọ̀wé ni.

Ní 1921, Raymond Weaver kọ ìtàn ìgbésí ayé Melville. Ní 1923, D. H. Lawrence, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé Moby-Dick yẹ̀ wò tìyanutìyanu. Kò pẹ́, ó di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Kò sí gbólóhùn kan tó yí padà nínú rẹ̀, àwọn òǹkàwé ló yí padà. Àwọn orí gbọọrọ tó ń ṣàlàyé ẹja àbùùbùtán, èyí tó sú ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ́lẹ̀, ni àwọn tó ti mọ ìtàn tó ń ya kúrò lójú ọ̀nà wá ń gbádùn. (Wọ́n ṣì ń sú mi díẹ̀, ṣá o.)

Owó ìwé àti bó ṣe ń dé ọwọ́ èèyàn tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀dà The Great Gatsby ṣì wà nílẹ̀ láìtà nígbà tí F. Scott Fitzgerald, ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́, kú ní 1940, àfìgbà tí wọ́n tẹ nǹkan bí 155,000 ìwé pẹlẹbẹ, tó ń wọ àpò, fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1945. Ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà Heinemann tẹ̀ ní 1962 náà ló gbé Things Fall Apart ti Chinua Achebe, tó jáde ní 1958, wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n a lè tẹ ìwé kún ilẹ̀ kó má lágbára. Èyí tó ń pẹ́ ni èyí tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ò lè fi sílẹ̀, tí wọ́n ń fèsì fún. Jean Rhys kọ odidi ìwé kan ní 1966 láti gbẹnu sọ fún ìyàwó tí wọ́n tì mọ́ àjà nínú Jane Eyre, ìtàn àròsọ tí Charlotte Brontë kọ ní 1847. Bí èsì bá tiẹ̀ jẹ́ èébú, ìwé ò torí ẹ̀ kú. Ní 1975 ni Achebe dìde ní yunifásítì kan ní Massachusetts, tó sì sọ ojú abẹ níkòó pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Joseph Conrad, ẹni tó kọ Heart of Darkness, ìtàn ìrìn àjò wọ inú ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ṣì ń ka ìwé Conrad nínú kíláàsì títí dòní, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀ Achebe mọ́ ọn.