Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ 14 ní Japan, ìlú mélòó?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ àga àti tábìlì ni mo yàn láàyò, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí bí àwọn ará Japan ṣe ń fi igi kọ́lé. Ọjọ́ 14 ni mo ní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti to ìlú méje sílẹ̀ fún mi: Tokyo, Hakone, Kyoto, Nara, Osaka, Hiroshima àti Kanazawa. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibùdó ọkọ̀ ojú irin nìkan ni n ó rí kí n tó padà. Níbo ni kí n lọ, kí ni kí n sì fojú sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín tọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi náà lọ, ìlú mẹ́fà ni mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án là kọjá, ohun tó sì kù lọ́kàn mi kò ju ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ń pa dé lọ. Nígbà tí mo padà lọ, ibi mẹ́ta péré ni mo sùn sí, ìgbà náà ni ohun tí mo ń wò tó yé mi. Ojú ẹni tó jókòó sílẹ̀ ni wọ́n fi wọn ilé àtijọ́ ní Japan, ẹni tó bá sì ń kánjú kọjá lórí ìdúró kò lè rí i bó ṣe yẹ.

Ẹ lọ sùn ní ryokan, ilé àlejò àbáláyé wọn, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní genkan, rẹlẹ̀ ju inú ilé lọ, ibẹ̀ ni ẹ ó bọ́ bàtà sí kí ẹ tó gòkè. Pákó tútù ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yín yóò kan tatami, ẹní tó nípọn, tí wọ́n fi koríko igusa hun ojú rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Gígùn ẹní yìí tó nǹkan bí 180 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì gígùn náà. Òun ni wọ́n fi ń wọn ilé, débi pé yàrá ẹní 6 tàbí yàrá ẹní 8 ni wọ́n ń pe yàrá. Bí ẹ bá dúró, ẹ ó rò pé fèrèsé ti rẹlẹ̀ jù àti pé yàrá ṣófo. Ẹ wá jókòó: ọgbà ìta yóò bọ́ sí ọ̀gangan ojú yín, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú bébà ilẹ̀kùn shoji wọlé yóò sì rọra tẹ́ sórí ẹní. Ó gbà tó ìdajì wákàtí kí èyí tó yé ara, ẹni tó sì ní ọkọ̀ láti bá kò ní ìdajì wákàtí náà.

Nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín, Takayama ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù, ó kéré tán òru mẹ́rin. Àárín àwọn òkè Hida ló wà, ọkọ̀ ojú irin láti Nagoya sì ń gbà ju wákàtí méjì lọ kó tó débẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, òfin yọ̀ǹda owó orí fún àwọn ará Hida, ó ní kí wọ́n máa fi gbẹ́nàgbẹ́nà ránṣẹ́ sí olú-ìlú dípò rẹ̀. (Ẹ wo ìlú tó fi ọgbọ́n ọwọ́ ọmọ rẹ̀ san owó orí!) Ní 1920, àwọn kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru omi rọ igi buna, tí àwọn ènìyàn kò kà sí igi gidi, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ di àga, ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Títí di òní, iṣẹ́ àga kò kúrò ní ìlú náà. Ẹ lọ sí ilé oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Kusakabe, tí wọ́n kọ́ ní 1879, ní òwúrọ̀ kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì gbójú sókè. Wọn kò fi àjà bo àwọn ìtì igi tó gbé òrùlé ró, ẹ ó sì rí bí wọ́n ṣe dábùú ara wọn. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání. Bí ẹ bá ya oríkèé igi kan ṣoṣo dáadáa, ó sàn fún yín ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ.

Láti Takayama, bọ́ọ̀sì yóò gbé yín dé abúlé Shirakawa-go láàárín wákàtí kan. UNESCO ti kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 1995, nítorí àwọn ilé tí òrùlé koríko wọn rí bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà. Okùn àti ọ̀pá tútù ni wọ́n fi so igi òrùlé pọ̀, kì í ṣe ìṣó. Nígbà tí koríko bá gbó, gbogbo abúlé ni yóò pé lé e lórí. Yui ni wọ́n ń pè é. Àáró gan-an ni. Ẹ sùn síbẹ̀, nítorí nígbà tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn bá ti kó àwọn èrò lọ ni abúlé náà ń padà di abúlé.

Kanazawa ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà òde òní tí Kazuyo Sejima àti Ryue Nishizawa yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2004, rí róbótó, dígí ló yí i ká, kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ẹ ó gbádùn rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo igi yẹn. Ní ti Kyoto, ó tó ọjọ́ 14 fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ 7 tí àwọn àlejò fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin àwọn ilé iṣẹ́ JR káàkiri Japan? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ ru ẹrù lórí òkè?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni iye rẹ̀ ti kúrò ní 29,650 yen, ó di 50,000 yen. Ẹni tó ń sáré ni owó náà lè bá lára mu. Láti Tokyo dé Kanazawa, nǹkan bí 14,000 yen ni, tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sì kan bọ́ọ̀sì láti Takayama sí Kanazawa. Ẹ máa san owó bí ẹ ṣe ń lọ, kí ẹ sì mú owó bébà dání, nítorí àwọn ilé àlejò kéékèèké kan kì í gba káàdì.

Ní ti ẹrù, takuhaibin wà: ẹ ó gbé àpótí fún òṣìṣẹ́ ilé ìtura, ẹ ó kọ àdírẹ́sì ibi tó kàn, yóò sì ti débẹ̀ lọ́jọ́ kejì lọ́pọ̀ ìgbà. Fún àwọn abúlé orí òkè, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Aṣọ òru kan nínú àpò kékeré ti tó yín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó lè yà bá ojú ọ̀nà àtijọ́ Nakasendo, kí ẹ fẹsẹ̀ rin kìlómítà 8 láti Magome dé Tsumago láìru nǹkan kan, kí ọwọ́ yín sì ráyè lu àwọn agogo tí wọ́n gbé sẹ́bàá ọ̀nà láti fi lé ẹranko béárì.