Kí ni QI, kí ló sì dé tí U ò tẹ̀lé Q?

Màmá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló béèrè. Ọmọ rẹ̀ ń bá a ta Scrabble, ayò tí wọ́n ti ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá to Q mọ́ I, ó ní ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé ọmọ náà ò máa rẹ́ òun jẹ báyìí?

Màmá, kò rẹ́ yín jẹ. QI wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Collins tí àwọn tó ń ta á fún ìdíje ní Nàìjíríà ń lò. Ayò yìí ò sì bèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú ìwé, ó wọlé nìyẹn.

Ará Ṣáínà ló ni QI. Agbára tí wọ́n gbà pé ó ń ṣàn kiri ara ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, òun sì ni àwọn oníṣègùn wọn ń tọ ipa rẹ̀ tí wọ́n bá ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún aláìsàn. Ẹ má pè é ní "kwí" o, ó sún mọ́ "ṣí". Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀mí. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí wọ́n ní QI a máa pọ̀, a máa dínkù, a sì máa dí lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ a kì í sọ pé ẹ̀mí ẹnìkan dí.

Ti U yẹn, òótọ́ ni olùkọ́ ilé ìwé sọ pé U ló ń tẹ̀lé Q, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gba Látìn àti Faransé wọnú Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà mú jù. Ní 1958 ni ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí Pinyin, ìlànà tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ABD kọ èdè wọn, Q sì bọ́ sí ìró tí kò nílò U. Ti Lárúbáwá ni QAT ní tirẹ̀: ewé tí àwọn ará Yemen àti Sòmálíà ń rún lẹ́nu kí oorun má baà kùn wọ́n, bí àwọn àgbà wa ṣe ń jẹ obì.

Ìdí tí àwọn ọmọ fi ń há wọn sórí kò ju Q fúnra rẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni nínú 100 tó wà nínú àpò ayò náà, máàkì 10 ló ní. Bí ayò bá parí tó ṣì wà lọ́wọ́ yín, wọ́n á yọ 10 nínú tiyín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi Q sójú ibi tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tí QI sì jáde lóòró àti níbùú, 62 ló kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

CWM ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Èdè Wales ni, W sì ni fáwẹ̀lì rẹ̀, "kuumu" ni wọ́n ń pè é: kòtò ńlá tí yìnyín gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọ̀kan wà lára òkè Everest tí àwọn tó ń gùn ún máa ń gbà kọjá. AA ni òkúta gbígbóná tó tú jáde nínú òkè, tó wá gan págunpàgun. ZA? Pizza ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nìkan ló ń gba ife-ẹ̀yẹ ṣá o. Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble ní Perth, Ọsirélíà, ní 2015, FELTY wà lára ohun tó tò ní àṣekágbá, 36 ló mú wá.

Tiwa náà wà níbẹ̀. OBA wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fi àmì sórí rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ò lè wọlé, torí orúkọ ìlú ni. Dàńṣíkí tí wọ́n ń tà ní ọjà Akẹ̀sán, a gbà á lọ́wọ́ Hausa, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1960, Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ ọ́ ní DASHIKI. Lẹ́tà méje gééré! Ẹni tó bá to méjèèje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, èènì 50 ni. Gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí FELTY, ló ń gba S lẹ́yìn, QI náà ń di QIS, bẹ́ẹ̀ S mẹ́rin péré ló wà nínú àpò.