Ọmọ mi fẹ́ ka Anthropology: kí ni wọ́n ń fi ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtokù ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ìmọ̀ òfin lọmọ mi ọkùnrin fi ṣe JAMB, máàkì rẹ̀ ò gbé e, wọ́n wá fún un ní Anthropology. Bàbá rẹ̀ ní kó kọ̀ ọ́, kó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ lóun ti kà nípa rẹ̀, ó wu òun. Ṣé kò ní gboyè tán kó wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù? Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú ọmọ. Ìwé tí èmi náà kà nìyẹn, torí náà ẹ mọ̀ pé mo ní ẹ̀yìn tí mò ń gbè sí.

Bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé láwùjọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń sìnkú, ẹni tó ń jogún àti ẹni tí wọn ò fún. Àwọn kan ń wo egungun, àwọn kan ń wo èdè. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka kan náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn àti àwa wà. Ní Ifẹ̀ àti Nsukka, Sociology, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwùjọ, ni wọ́n so ó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́. A ń ṣe ìwádìí kan nípa ìlera ọmọdé láwọn abúlé kan lápá Ọ̀dẹ̀dá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún wa ni pé ọmọ mélòó ni ìyá yìí bí. Ìyá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run ló mọye wọn.” Ọmọkùnrin tá a jọ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn, ó fẹ́ kọjá sílé kejì. Ta ni ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Mo ti fọ́ọ̀mù bọ báàgì, mo fa àpótí, mo mú ọ̀bẹ, mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tó yá mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń sè fún nínú ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó wà níléèwé, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ ní Láfẹ́ńwá, títí ó fi kan àwọn tí kò sí mọ́. Àwọn tí kò sí mọ́ yẹn gan-an ni ìwádìí wa ń wá. Fọ́ọ̀mù ì bá má rí wọn láé.

Ìdí nìyẹn táwọn àjọ ìlera fi ń gbà wá síṣẹ́. Nígbà tí Ebola ń pa èèyàn ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone lọ́dún 2014, àwọn ará ìlú ń gbé òkú wọn pa mọ́ fáwọn òṣìṣẹ́, torí pé wọ́n máa ń gbé e lọ láìsí àdúrà, láìsí ìdágbére. Àwọn onímọ̀ Anthropology wà lára àwọn tó lọ jókòó ti àwọn àgbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìsìnkú tuntun jáde tó fàyè gba àdúrà àti ẹbí.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ìwé yìí kì í ṣe àjòjì nílùú wa. Nathaniel Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta, gboyè ọ̀mọ̀wé ní London School of Economics lórí ìgbé ayé Yorùbá. Ó kú ní 1944, Ibadan University Press sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1970. Sociology ni wọ́n pè é, àmọ́ ẹbí, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló kún inú rẹ̀. Azikiwe náà ka Anthropology ní Amẹ́ríkà.

Ti owó ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún yín: ẹ ò ní rí pátákó ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ń wá oníṣẹ́ yìí. Àjọ tó ń rí sí ìlera, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn tó ń wádìí ohun tí oníbàárà ń fẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì máa ń pè é. Intel tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà gba Genevieve Bell síṣẹ́ lọ́dún 1998, onímọ̀ Anthropology sì ni. Kí ọmọ yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìwádìí, kó mọ ìròyìn kọ, kó sì gbọ́ Haúsá tàbí Faransé. Ẹni tó gbé ìwé-ẹ̀rí nìkan dání yóò jìyà, mo ti rí wọn. Bí òfin bá ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, yóò fi oyè yìí wọlé nípasẹ̀ Direct Entry, ìyẹn ìgbawọlé láìtún ìdánwò JAMB ṣe. Tèmi ni pé kó gbà á.

Lọ́wọ́ kan ná, ẹ ní kó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yín, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ìdí tí oníbàárà fi ń yin àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tó sì ń ra ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà.

ÌBÉÈRÈ: SS2 ni mo wà, mo fẹ́ ka nǹkan kan náà. Subject wo ni kí n mú ní JAMB? Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀.

ÌDÁHÙN: Ó yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí èkejì. English pọn dandan. Má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣirò. Ìyókù wà nínú brochure JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, má sanwó fẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ tà á fún ọ.