Mọ́tò jó, gíà tún kán: ṣé ká ra mọ́tò tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀ńjìníà. Mo ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní ìta Ìbàdàn níbí, ọ̀rá pure water la máa ń kó jọ, a máa fọ̀ ọ́, a máa lọ̀ ọ́, ká tó wá fi extruder yọ́ ọ di hóró-hóró tá à ń tà fáwọn tó ń ṣe ọ̀rá dúdú. Mọ́tò extruder yẹn, 15 kW ni, star-delta ni wọ́n fi ń tan án, ó máa ń fi agbára díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní star kó tó bọ́ sí delta tó ń lo gbogbo agbára ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́jọ ó ti jó lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, a gbé e fún rewinder, ẹni tó ń tún wáyà inú mọ́tò wé, ó bá wa ṣe é. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló wá bà mí lẹ́rù torí eyín gíà mẹ́rin ló kán pẹ̀lú ẹ̀ nínú gíàbọ́ọ̀sì. Overload, ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó pa mọ́tò tó bá ń fa iná jù, wà nínú panel (àpótí iná) o, kò trip rí, ìyẹn ni pé kò já iná rí. Oníná wa ní mọ́tò náà ló kéré, pé ká lọ ra 22 kW. Ṣé ká rà á? Mo fi fọ́tò panel, ti mọ́tò àti ti gíà náà ránṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o, ma, Ọlọ́run á fi èrè dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra 22 kW kankan, ẹ fi owó yẹn pa mọ́ ná. Mọ́tò yín ò kéré. Ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ ni ò ṣọ́ ọ, gíà yín ní tiẹ̀ ò sì ní ẹ̀ṣọ́ kankan rárá, ohun tí mo rí nìyẹn.

Overload tẹ́ ẹ ní kò trip rí yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ wò. Mo fẹ fọ́tò panel yín lójú fóònù, mo rí nọ́bù kékeré ara ẹ̀, wọ́n yí i sí 28, ihò tí wọ́n ń ki sukurudíráfà bọ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n ti yí i lọ yí i bọ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo wo nameplate ara mọ́tò, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí, ó kọ 28.5 A, ìyẹn áńpù, iná tó yẹ kó máa fà. Ẹni tí ò mọ̀ á ní ó ti bá a mu, 28 sí 28.5, kí ló kù? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nínú star-delta, wáyà mẹ́fà ló ń wọ inú mọ́tò, kì í ṣe mẹ́ta, ibi tí wọ́n sì so overload yín sí, mẹ́ta nínú mẹ́fà yẹn ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kì í ṣe gbogbo iná tí mọ́tò ń fà ló ń rí, bíi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ sọ 28.5 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.58, ẹ máa rí 16.5. Ibi tó yẹ kí nọ́bù wà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe gbé e sí 28 yẹn, mọ́tò gbọ́dọ̀ fa bíi 48 áńpù kí overload tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Mọ́tò oní 28 o! Ó lè máa fa 40, 45 láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, kó máa sun díẹ̀díẹ̀ nínú, iná panel á ṣì máa tàn gẹ́gẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan.

Mi ò bá oníná yín wí jù, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á ka nameplate, wọ́n á gbé nọ́ńbà yẹn sórí nọ́bù, ó parí. Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé tí overload bá ti trip lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, wọ́n á yí i sókè kí iṣẹ́ lè máa lọ. Èmi náà ṣe é rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mánéjà dúró sí mi lórí, ó ń pariwo pé tọ́ọ̀nù mélòó kan ló yẹ kó ti jáde, mo bá yí i sókè. Mọ́tò yẹn ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mi ò tíì gbàgbé òórùn fáníìṣì tó jó lọ́jọ́ yẹn títí dòní, àtìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé tí overload bá ń trip, ọ̀rọ̀ ló ń bá wa sọ, ká lọ wá ohun tó ń sọ kàn.

Ẹ jẹ́ n tún sọ ti bírékà, torí àwọn kan gbà pé tí bírékà bá ti wà ó tán. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kí ilé má baà gbiná. Mọ́tò ò sí lára iṣẹ́ ẹ̀.

Wáyà inú mọ́tò náà ní ìtàn tó ń sọ. Fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, gbogbo kọ́ìlì ló dúdú dọ́gba yíká, ẹrù tó wúwo jù ló ṣe ìyẹn. Àmọ́ ẹ lọ bi rewinder yín bóyá ó rántí bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí, tó bá ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló jó, tí méjì tó kù sì ń dán bíi tuntun, a jẹ́ pé féèsì kan ló lọ nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí, fíúsì kan á jó nídìí tàráńsífọ́mà, kò ní sẹ́ni tó mọ̀, féèsì méjì tó kù á máa gbé ẹrù ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ẹ ra phase failure relay, tó ń pa mọ́tò tí féèsì kan bá lọ, ẹ ra èyí tó ń wo fóltéèjì pẹ̀lú, torí tí 400 bá wálẹ̀ di 340, agbára tí mọ́tò fi ń yí nǹkan á dín kù sí bíi ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ iṣẹ́ iwájú ẹ̀ ò dín, á wá máa fa iná sí i kó lè kájú ẹ̀.

Ó wá ku gíà, òun gan-an ló jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n yí overload yín síbi tó tọ́, kò ní gba eyín gíà yẹn là. Tí mọ́tò bá ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fa ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje iná ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí náà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe overload kó máa ní sùúrù. Èyí tí wọ́n ń pè ní class 10, tí mọ́tò bá há pátápátá, ó lè lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó trip. Eyín gíà ò ní dúró dè é, kò tó ká ṣẹ́jú ló ti kán. Ẹ wo fọ́tò gíà yín dáadáa, ojú ibi tó ti kán yẹn ń dán, ó rí hóró-hóró bí iyọ̀, ó kán lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ká ní ó ti pẹ́ tó ti ń sán bọ̀, ẹ máa rí ìlà-ìlà lójú ẹ̀ bí èyí tí omi fi sílẹ̀ létí odò.

Kí ló wá há? Ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ má fìbínú pè é, ẹ bi í pé ṣé iná ò lọ lọ́jọ́ yẹn kó tó kán. Mo ti bá irú ẹ̀ pàdé tó pọ̀ láwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ ọ̀rá. NEPA á mú iná, screw, irin gígùn tó ń yí nínú extruder láti ti ọ̀rá síwájú, á dúró tòun ti ọ̀rá yíyọ́ nínú ẹ̀, bó bá ti ń tutù ni yóò máa dì mọ́ irin bí òkúta. Iná á dé, wọ́n á tan hítà, mítà á kọ 170°C, ọmọ iṣẹ́ á ní ó ti gbóná, ó tẹ bọ́tìnnì. Irin tó wà níta ni mítà yẹn ń kà o! Ọ̀rá ò tètè ń gba ooru sára, ti àárín ṣì lè le gbagidi. Mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ ní star, star ò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ, kò ní lè yí i, á kàn máa kùn, bó bá ti wá bọ́ sí delta, gbogbo agbára á dé lẹ́ẹ̀kan, gíà ló máa gba ìyà ẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò ẹ̀. Mọ́tò 15 kW tó ń yí 1,460 ní ìṣẹ́jú kan, agbára yíyí ẹ̀ jẹ́ bíi 98 Nm. Ká sọ pé gíàbọ́ọ̀sì yín ń dín yíyí yẹn kù lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nǹkan bíi 1,400 Nm ló ń dé ọ̀dọ̀ screw. Tí screw bá há, mọ́tò ò ní sọ pé 98 lòun mọ, ó lè tú ìlọ́po méjì àbọ̀ jáde kó tó juwọ́ sílẹ̀, á di 3,500 Nm lórí eyín kan tàbí méjì. Mọ́tò 22 kW tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà wá ńkọ́, 144 ni tiẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Gíà tí 15 kán leyín, ẹ fẹ́ lọ fi 22 kọ lù ú? Ìyẹn la ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe sí i, àkọ́kọ́, kí oníná yín so ìgbóná mọ́ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ pé tí gbogbo hítà ò bá tíì dé ibi tẹ́ ẹ yàn fún wọn, kọ́ńtátọ̀ tó ń fi iná sí mọ́tò ò ní wọlé, ẹni yòówù kó tẹ̀ ẹ́. Kó tún fi táímà sí i, kó dúró bíi ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí mítà bá ti pé kí ooru lè wọ ọ̀rá náà dénú, tí extruder yín bá tóbi kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ò wọ́n rárá, torí kọ́ńtíróólà hítà yín ti ní ojú ibi tí wọ́n lè so ó mọ́. Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nǹkan kan: kí wọ́n tó tan án lẹ́yìn tí iná bá lọ, kí wọ́n pa bírékà ńlá, kí wọ́n tì í ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara ẹ̀, kó wá fọwọ́ yí kọ́pílíǹ ara mọ́tò. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́, kò séwu. Tó bá le, kí wọ́n fún un láyè sí i.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá fún gíà ní ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀. Mo rí i pé kọ́pílíǹ ló so mọ́tò yín mọ́ gíà tààrà, ẹ lè ra torque limiter sí àárín wọn, tí ẹrù bá ti kọjá ibi tẹ́ ẹ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí, á yọ̀, gíà á wà láyọ̀. Ti píìnì ló rọ̀jú jù, irin rírọ̀ ni, tí wọ́n dìídì ṣe kó kán dípò gíà, àmọ́ bí píìnì yẹn bá kán lónìí tí ẹnì kan fi bóòtì líle 8.8 rọ́pò ẹ̀ lọ́la, ẹ̀ṣọ́ ti lọ nìyẹn, ẹ kó ojúlówó ẹ̀ bíi mẹ́wàá sí ọ́fíìsì ara yín. Tẹ́ ẹ bá sì lówó ẹ̀, inverter ló dáa jù, mi ò sọ èyí tó ń lo bátìrì nínú ilé, èyí tó ń darí eré mọ́tò ni mò ń wí, torí ẹ lè sọ fún un pé kó má tú ju iye agbára báyìí lọ láé, kò sì ní sí gbì-gbà star-delta yẹn mọ́.

Ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì, ẹ dá gbogbo ẹ̀ nù, eyín tó kán ti fọ́ irin wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, ẹ fọ inú ẹ̀ mọ́, ẹ wo bẹ́ríǹ ẹ̀yìn tó ń gba titì screw, kẹ́ ẹ tó bu ojúlówó ọ́ìlì gíà sí i, nọ́ńbà bó ṣe ki tó tí wọ́n kọ sára gíàbọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ rà, 220 tàbí 320 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má bu ọ́ìlì ẹ́ńjìn ọkọ̀ sí i o. Ẹ tún fi mágínẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ibi tí ọ̀rá ń gbà wọlé, torí wáyà àti ìṣó máa ń bá ọ̀rá wá látorí ààtàn.

Níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rewinder, ẹ pè é lónìí kó tó pa á dé, ẹ ní kó ki thermistor mẹ́ta sáàárín kọ́ìlì, ẹyọ kan ní féèsì kọ̀ọ̀kan, kó fa wáyà ẹ̀ jáde. Kóró kékeré bí irú ẹ̀wà ni, kò wọ́n, òun ló máa ń mọ ooru inú mọ́tò gan-an, tí fáànù ẹ̀yìn bá dí mọ́ eruku ọ̀rá, overload ò lè mọ̀ ọ́n, thermistor á mọ̀. Ẹ má gbàgbé relay tiẹ̀ nínú panel, torí tí wọ́n bá kàn fa wáyà jáde tí wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan, òfo ni.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e padà, ẹ yí overload sí 16.5, ẹ fi í sí èyí tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ padà, kì í ṣe èyí tó ń dá padà fúnra ẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí oníná fi clamp meter, mítà tó ń há wáyà lára láti ka iná inú ẹ̀, wọn wáyà mẹ́ta tó ń bọ̀ látòde nígbà tí extruder bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó kún, kó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú déètì sí ara ilẹ̀kùn panel, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi, ma, tó bá ti lé ní 28 tàbí tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí méjì yòókù, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pè mí.