Oògùn ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni yóò gbé yín dé Titicaca

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Perú lóṣù tó ń bọ̀. A fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn abúlé orí adágún Titicaca, ká sùn síbẹ̀. Èébì máa ń gbé mi lórí omi. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní ká mu oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé òkè ibẹ̀ ò ní mú wa. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ojú omi Titicaca fúnra rẹ̀ fi mítà 3,812 ga ju òkun lọ. Ẹni tó bá wọ bàálù ní Lima létí òkun, tó sọ̀ ní Juliaca, ìlú tó wà nítòsí adágún náà, ti gun òkè láì gbẹ́sẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín lọ́jọ́ kejì, ẹ má sọ pé omi ni. Àìsàn orí òkè ni, èyí tí wọ́n ń pè ní soroche níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí ti sú mi. Èròjà iron ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí iron ò tó lára rẹ̀ ló wúlò fún. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá pé, mímu ún ò ní sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ gan-an kọ́ ló ń gbani lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́: ọ́síjìn tẹ́ ẹ máa rí nínú èémí kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti Èkó lọ. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá, ọkàn á máa sáré, kíndìnrín á sì máa tún omi ara ṣe kó lè bá mímí yẹn mu. Ọjọ́ mélòó kan niyẹn ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ tuntun tí ara máa ṣe fúnra rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ti padà sílé nígbà yẹn.

Agbára náà ò gbani. Ní Taquile, erékùṣù kan lórí adágún náà, àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 500 lẹ máa gùn láti èbúté. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan tó jókòó sí agbedeméjì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n rì bọ aró. Ìyá arúgbó kan di ẹrù sẹ́yìn, ó ń ran irun àgùntàn bó ṣe ń gòkè, ó kọjá lára rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ sun ìlú Arequipa fún òru méjì tàbí mẹ́ta. Kò ga tó Puno, ìlú tó wà létí adágún náà. Kẹ́ ẹ wá sinmi ọjọ́ méjì ní Puno. Uros, àwọn erékùṣù tí wọ́n fi koríko totora ṣe, súnmọ́ tòsí: ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mutí, ẹ má lo oògùn oorun. Oògùn kan wà fún àìsàn orí òkè, acetazolamide, ṣùgbọ́n dókítà tó yẹ̀ yín wò nìkan ló lè fún yín, pàápàá bí Septrin bá ń bá yín jà.

Ẹ ò sì sọ jẹ́nótáìpù yín. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. AS náà ní láti rí dókítà rẹ̀ kó tó sanwó: bí ìhà òsì bá ń dùn ún gan-an lókè yẹn, kó wá ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ tí èémí ò sì tó yín, tàbí tẹ́ ẹ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, sísọ̀ kalẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀. Kò sì síbi tẹ́ ẹ máa sọ̀ sí lórí adágún yẹn, torí èbúté Puno náà ga bákan náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ sun erékùṣù lóru àkọ́kọ́.