Mo ní mo wà ní Ọ̀wọ̀, Ọjà Ọba ni mo wà

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ọdún kẹta rẹ nìyí nínú ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ìjọ yín, pé ìpè kì í jẹ́ kí o jẹun alẹ́ parí mọ́, ọkọ rẹ ti ń kùn, o wá ń bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn sọ pé agbára òun ò gbé e mọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àṣírí mi ṣe tú.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nídìí oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, ní Àkúrẹ́. Ìsọmọlórúkọ ni o, ìsìnkú ni o, abiyamọ tí kò rẹ́ni bá a fọṣọ ni o, èmi náà ni. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mo so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn kí n má baà ṣì í mú. Bí wọ́n bá ti ní "Ẹ pe Màmá Wẹ́fíà," orí mi á wú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn o, kì í ṣe ti ìjọ.

Nígbà tó wá rẹ̀ mí, mi ò lè sọ ọ́. Irọ́ ni mo ń pa. Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá alátà ní Ọjà Ọba, mo ń ṣa tàtàṣé, Ìyá Ìjọ pè: àlejò ń bọ̀ lọ́la, wọ́n tó mẹ́wàá. Mo ní, "Háà, Mà, Ọ̀wọ̀ ni mo wà yìí o, mi ò tíì mọ ìgbà tí màá dé." Ìyá alátà gbójú sókè, ó wò mí. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn kan náà lẹ́yìn mi, kò gba inú fóònù wá mọ́: "Ọ̀wọ̀ yìí mà ti wá sún mọ́lé o." Àwọn gan-an ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ọjà.

Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìgbà wo lo sọ fún mi pé ó rẹ̀ ẹ́, tí mo ní kò rẹ̀ ẹ́?" Mi ò rí èsì fọ̀, torí mi ò sọ ọ́ rí.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀ tí o bèèrè, lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Wọ́n ń kùn pé a ò náání àwọn opó nínú ìpín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì ní kò yẹ káwọn fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ máa pín oúnjẹ, wọ́n sì ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje sídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní Pétérù ń gbéra ga, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fi àwọn opó sílẹ̀ lébi.

Owó ni kí o kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Mo máa ń fi owó ọjà mi kún ti ìjọ, mi ò ní kọ ọ́ síbì kan, màá wá máa bínú pé wọn ò dá a padà. Ta ló mọ̀ pé mo ná an? Ní báyìí, bí owó ìjọ bá tán, màá pe akápò, ìkòkò á dúró. Tí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, ikú, àìsàn tàbí ìrọbí nìkan ni mò ń gbé fóònù sí. Ọ̀rọ̀ kúlà àti àga, ó di àárọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ṣòro jù. Ọwọ́ àwa mẹ́ta ló wà báyìí. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì kọ́kọ́ dáná, mo jókòó sínú ìsìn, òórùn ìrẹsì tó ń jóná ń wọlé wá bá mi, mo di àga mú kí n má baà dìde. Ìsàlẹ̀ ìkòkò jóná lóòótọ́. Àwọn èèyàn jẹ ẹ́, wọ́n lọ sílé.

Ohun kan tí mi ò ní fẹ́ kí o ṣe: má fi ọkọ rẹ bojú. "Bàbá wọn ò gbà" yẹn dùn ún sọ, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan, òun ni wọ́n á máa gbàdúrà lé lórí. Lọ bá pásítọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀, má ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi tí èrò tò sílẹ̀, má sì kọ ọ́ sórí WhatsApp. Kúnlẹ̀, kí o sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Sátidé méjì lóṣù ni agbára mi ká, ẹ bá mi wá ẹni tó máa gba méjì tó kù." Mẹ́nu ba èyí tí o lè ṣe kí o tó kan èyí tí o ò lè ṣe.

Inú gbogbo èèyàn ò ní dùn. Obìnrin kan wà tí mo ti se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ méjì. Títí dòní, bí mo bá kí i, "hẹn" ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì padà sí Ọ̀wọ̀ tí mi ò lọ.

Ohun kan wà tí o ò sọ nínú ìbéèrè rẹ: kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, ta ló sì ti bẹ̀ ọ́ rí pé kí o jẹ́ kóun mú ọ̀kan?